Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́: Tẹ́níìsì àti Eré Sísá Àwọn Ọmọ Wa ní Háìsukúù

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Látìgbà tí oṣù kẹta ti wọlé ni lẹ́tà yín ti ń ya wọlé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo yín ń sọ: àwọn ọmọ wa tó wà ní háìsukúù ní Amẹ́ríkà níbí, àwọn tó wọ tíìmù tẹ́níìsì, àtàwọn tó wọ tíìmù eré sísá tí àwọn fúnra wọn ń pè ní tírákì. Ọmọ tèmi méjì ló gba ọ̀nà yẹn kọjá, ọ̀kan gbá tẹ́níìsì, èkejì sáré, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí jẹ mí lógún gan-an. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀pọ̀ ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín òbí àti kóòṣì, àti láàárín òbí àti ọmọ pàápàá, àìmọ bí wọ́n ṣe ń ka àmì ló ń fà á. Ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ káàsán mà. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kẹsàn-án. Ó ní òun máa gbá tẹ́níìsì, òun tún máa sáré, méjèèjì ní sáà kan náà. Bàbá ẹ̀ ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé ìwé la bá wá sílùú òyìnbó, kì í ṣe eré. Èmi ni mo wà láàárín. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Àkọ́bí, Georgia

Màmá Àkọ́bí, ẹ kú làálàá. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ibi tẹ́ ẹ wà ló dá wàhálà yìí sílẹ̀. Ní Illinois àti New Jersey, ìgbà ìwọ́wé làwọn ọmọbìnrin ń gbá tẹ́níìsì, àwọn ọkùnrin ń gbá tiwọn nígbà ìrúwé, torí náà ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ lè gbá tẹ́níìsì ní oṣù kẹsàn-án kó sì sáré ní oṣù kẹrin láìsí pé ẹnikẹ́ni bínú. Ní Georgia tiyín ńkọ́, ìgbà ìrúwé ni gbogbo ẹ̀ bọ́ sí, tọkùnrin tobìnrin, tẹ́níìsì àti tírákì. Àwọn sukúù kan ń gbà kí ọmọ ṣe méjèèjì pọ̀ bí kóòṣì méjèèjì bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ní kó mú ọ̀kan ní àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé tí ọjọ́ máàṣì àti ọjọ́ eré sísá bá forí gbárí, ibi tó mú ní àkọ́kọ́ yẹn ló máa lọ. Ọmọ yín fúnra ẹ̀ ni kó lọ béèrè, ẹ má bá a lọ. Kóòṣì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni, ọdún àkọ́kọ́ yìí, ọ̀kan ni màá ní kó mú. Ìgbáradì ń bẹ lójoojúmọ́ tí sukúù bá ti jáde, ìrọ̀lẹ́ kan pátá ni eré sísá ń gbà, èyí tí sukúù púpọ̀ bá ti pàdé lọ́jọ́ Sátidé lè gba àárọ̀ títí di alẹ́. Ọmọ kíláàsì kẹsàn-án ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìwé háìsukúù. Nǹkan kan tún wà tí àwọn òbí kì í rò sí: tíìmù tẹ́níìsì kéré. Ní Georgia, máàṣì kan jẹ́ singles mẹ́ta (ẹnì kan sí ẹnì kan) àti doubles méjì (ẹni méjì sí ẹni méjì), ọmọ méje péré nìyẹn, kóòtù náà kì í sì í pọ̀ ní sukúù, ìdí nìyẹn tí kóòṣì tẹ́níìsì fi ń dá ọmọ padà lẹ́yìn ìdánwò ọjọ́ mélòó kan. Tíìmù eré sísá kì í sábà dá ẹnikẹ́ni padà, torí pé ẹni tí kò lè sáré kíákíá lè jù, ó lè fò, ó lè sá èyí tó gùn. Torí náà kó kọ́kọ́ dán tẹ́níìsì wò, kó sì ti sọ fún kóòṣì eré sísá tẹ́lẹ̀ pé bí wọn ò bá mú òun, òun ń bọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹ tún lọ ṣe àyẹ̀wò ara lọ́dọ̀ dókítà báyìí o, fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, láìsí i kò ní fẹsẹ̀ kan pápá.

Bàbá ẹ̀ náà kò sọ ohun tó burú, kẹ́ ẹ má ṣe bá a jà. Kẹ́ ẹ kàn jẹ́ kó mọ̀ pé eré yẹn gan-an ní okùn tó so ó mọ́ ìwé. Ní Texas, òfin wà láti 1984 pé ọmọ tí àmì ẹ̀ bá wọ abẹ́ 70 nínú iṣẹ́ kan, kò ní bá wọn díje títí táá fi tún un ṣe, àwọn ìpínlẹ̀ yòókù náà ní irú tiwọn. Mo ti rí ọmọ tó jẹ́ pé ìfẹ́ tẹ́níìsì nìkan ló mú un ka Matimátíìkì. Kẹ́ ẹ sì sọ ìtàn Arthur Ashe, ògbóǹtarìgì nínú tẹ́níìsì, fún Bàbá. Richmond ní Virginia ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1943, nígbà tí wọn kì í jẹ́ kí ọmọ aláwọ̀ dúdú bá ọmọ òyìnbó gbá bọ́ọ̀lù lórí kóòtù kan náà, ìyẹn ló jẹ́ kó fi ìlú ẹ̀ sílẹ̀ lọ parí háìsukúù ní Sumner ní St. Louis, ó ti ibẹ̀ wọ UCLA lórí sikọ́láṣípù, ó gba ìwé ẹ̀rí nínú ìmọ̀ òwò ní 1966, ọdún méjì lẹ́yìn náà ló gba US Open. Ìwé àti rákẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ méjèèjì ló fi mú wọn.

Ọmọ mi gbá doubles kejì, wọ́n na àwọn tọ̀hún pátápátá, ẹni àkọ́kọ́ tiwa ní singles náà na ẹni tiwọn, síbẹ̀ wọ́n ní sukúù wa ló pàdánù. Mo bi kóòṣì, ó ní 3 sí 2 ni. Èwo ni 3 sí 2? Àti pé kò sí rẹfirí kankan níbẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ló ń sọ pé bọ́ọ̀lù jáde tàbí kò jáde, ọmọ kékeré kan sì ń yan wá jẹ lójú mi báyìí. Mo pariwo, wọ́n ní kí n jáde. — Bàbá Ìbejì, New Jersey

Bàbá Ìbejì, ẹ fara balẹ̀ sà. Máàṣì márùn-ún ni wọ́n ń gbá lẹ́ẹ̀kan náà, singles mẹ́ta, doubles méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ póíǹtì kan, sukúù tó bá gba mẹ́ta ló ni ọjọ́ yẹn. Kò sí ohun tó kàn wọ́n bóyá ọmọ yín gba tiẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn tàbí ó làágùn kó tó gbà á. Póíǹtì kan náà ni. Ohun tó dáa nínú ẹ̀ ni pé doubles kejì tí gbogbo èèyàn ń fojú kéré yẹn, bákan náà ló wúwo pẹ̀lú singles àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbogbo ọjọ́ náà máa ń dúró lórí àwọn ọmọ méjì tó kù sẹ́yìn lórí kóòtù tó wà níkángun, tí gbogbo tíìmù á wá dúró yí wọn ká tí wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju gbogbo ibi yòókù lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí kóòṣì ò fi ọmọ tí kò lágbára sí singles àkọ́kọ́ kó lọ gba ìyà ẹ̀ níbẹ̀, kí àwọn tó dáa wá kó mẹ́rin yòókù. Wọn ò gbà á láyè. Bí agbára ọmọ bá ṣe tẹ̀ léra ni wọ́n gbọ́dọ̀ tò wọ́n, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi máa ń bá ara wọn gbá á nínú tíìmù kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ àti láàárín ẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ lè pe ẹni tó wà lókè ẹ̀ níjà kó sì gba àyè ẹ̀. Tí ọmọ yín bá fẹ́ kúrò ní doubles, ọ̀nà ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe lẹ́tà tí ẹ̀yin bá kọ sí kóòṣì.

Ní ti láìnì, òótọ́ ni, àwọn ọmọ fúnra wọn ló ń ṣe ìdájọ́. Ẹ̀gbẹ́ tiẹ̀ ni ọmọ ń wò, bọ́ọ̀lù tó bá fara kan láìnì díẹ̀ báyìí wọlé ni, èyí tí kò bá sì dá a lójú pé ó jáde, ó gbọ́dọ̀ kà á sí pé ó wọlé, kó fi póíǹtì náà sílẹ̀ fún ẹnìkejì. Òfin ni o. Láti ibi tẹ́ ẹ jókòó sí lẹ́yìn wáyà yẹn, ẹ ò lè rí láìnì tó wà lódìkejì bí ọmọ tó dúró tì í ṣe rí i, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ rí i pàápàá, òbí ò lẹ́nu níbẹ̀. Bí ọmọ yín bá rí i pé ẹni yẹn ń yan òun jẹ, kó kọ́kọ́ bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé "ṣó dá ọ lójú?", tó bá tún ṣẹlẹ̀, kó dúró, kó pe kóòṣì, wọ́n á fi ẹnì kan sí ìdí láìnì. Mo gbà yín gbọ́ pé inú yín ló bàjẹ́, inú tèmi náà bàjẹ́ rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá bá ń pariwo, ọmọ ẹ̀ kì í gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ojú bàbá ẹ̀ ló ń wò.

Kóòṣì yọ ọmọbìnrin mi kúrò nínú 100 mítà tó ti ń sá bọ̀, ó fi í sí hurdles, eré tí wọ́n ti ń fo igi. Ọmọ mi ń sunkún. Ṣé wọ́n kórìíra ẹ̀ ni? — Ìyá Àdùkẹ́, Maryland

Rárá o, Ìyá Àdùkẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí sukúù méjì bá pàdé, ẹni àkọ́kọ́ gba póíǹtì 5, ẹnì kejì 3, ẹni kẹta 1, ẹni kẹrin kò gba nǹkan kan. Gbogbo ọmọ tó lẹ́sẹ̀ ló fẹ́ sá 100 mítà, ẹni tó lè fo igi mẹ́wàá láìdúró kò tó nǹkan. Ọmọ tó ń ṣe ẹni kẹrin ní 100 mítà, tó ń padà sílé lọ́wọ́ òfo, lè di ẹnì kejì ní hurdles kó gbé póíǹtì mẹ́ta wá fún tíìmù ẹ̀. Kóòṣì kì í sì í mú ẹnikẹ́ni síbẹ̀, ọmọ tó yára, tí ara ẹ̀ rọ̀, tí kò bẹ̀rù, ni wọ́n ń wá.

Igi tí wọ́n ń fò ní 100 mítà àwọn ọmọbìnrin, ínṣì 33 ni gíga ẹ̀. Igi yẹn kan náà, gíga yẹn kan náà, ni Tobi Amusan tiwa, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fò ní Eugene ní Oregon lóṣù keje 2022 nígbà tó sá a ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 tí gbogbo ayé dìde dúró. Àwọn ọkùnrin kò rí bẹ́ẹ̀, ínṣì 39 ni wọ́n ń fò ní háìsukúù, tí wọ́n bá dé yunifásítì ó di 42. Àdùkẹ́ kò ní láti tún nǹkan kọ́ tó bá dàgbà, ohun tó ń kọ́ lónìí ni yóò máa lò lọ. Mítà 13 ló wà láti ibi ìbẹ̀rẹ̀ sí igi àkọ́kọ́, mítà 8.5 ló wà láàárín igi kan sí èkejì, gbogbo ọgbọ́n ẹ̀ wà nínú kó lè fi ẹsẹ̀ mẹ́ta péré gbé àárín yẹn, àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ máa ń fi mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣe é, lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ fi mẹ́ta ṣe é dé ìparí, ẹ̀rín tó máa rín wọlé lọ́jọ́ náà, ẹ ó rí i. Èyí tó jẹ́ 300 mítà, igi mẹ́jọ ni, ínṣì 30, ó kúrú díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń tán èèyàn lókun.

Ó máa ṣubú. Ẹ mọ̀ ọ́n sílẹ̀. Orúnkún ẹ̀ máa bó, ẹ nu ún, ẹ má pariwo lé e lórí. Wọn ò sì tíì gba 100 mítà lọ́wọ́ ẹ̀ pátápátá, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ọmọ kan lè ṣe tó eré mẹ́rin lọ́jọ́ kan, ó ṣì lè wà nínú 4x100 tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Bí ọkàn ẹ̀ ò bá sì balẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó lọ bá kóòṣì lọ́jọ́ ìgbáradì, kì í ṣe lọ́jọ́ ìdíje, kó béèrè pé kí ni òun máa ṣe kí òun tó lè padà sá 100 mítà. Kóòṣì tó dáa máa sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tó ń retí fún un.

Ojúgun ń dun ọmọ mi látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ eré sísá. Mo fi omi gbígbóná àti ìpara pa á, kò lọ. — Màmá Kẹ́hìndé

Ẹ jẹ́ kó dúró ná. Ọmọ tí kò sáré láti oṣù kọkànlá, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójoojúmọ́ lẹ́ẹ̀kan náà lórí ilẹ̀ líle pẹ̀lú bàtà tó ti gbó, ojúgun ẹ̀ gbọ́dọ̀ ké. Tí ìrora náà bá tàn ká ẹ̀gbẹ́ eegun yẹn, tó sì ń dín kù tó bá sinmi, ìsinmi, yìnyín àti bàtà tuntun á ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo ló ń dùn, tẹ́ ẹ lè fi ìka kan tọ́ka sí, tó ń dùn tó bá ń rìn lásán tàbí lóru, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá, eegun lè ti ń sán. Fọ́tò eegun àkọ́kọ́ lè má fi hàn o, torí náà tí wọ́n bá ní àwọn ò rí nǹkan kan tó sì ṣì ń dùn ún, ẹ padà lọ. Bàtà oníṣó wọn yẹn, ọjọ́ ìdíje àti ọjọ́ eré kíákíá nìkan ni kó máa wọ̀ ọ́.

As-salāmu ʿalaykum. Ọmọbìnrin wa ń gba ààwẹ̀, ó sì ń sáré. Mo ń bẹ̀rù pé ó máa dákú. Àti pé ṣé wọ́n máa jẹ́ kó wọ hijab? — Alhaji, Illinois

Wa ʿalaykumu s-salām, Alhaji. Láwọn ọdún yìí, ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń bọ́ sí oṣù kejì sí oṣù kẹta, ìbẹ̀rẹ̀ sáà gan-an, ìgbà tí wọ́n ń ṣe ìgbáradì líle. Ohun tó burú jù ni kí ọmọ máa fi ààwẹ̀ pa mọ́ fún kóòṣì. Kó sọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Aago mẹ́ta sí márùn-ún tí wọ́n fi ń sáré, ìgbà náà ni omi ti tán lára ẹni tó gbààwẹ̀, torí náà kóòṣì lè jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ fífò àti ti ọ̀nà bí wọ́n ṣe ń gbéra, kó wá lọ sá èyí tó le lẹ́yìn ìṣínu tó bá ṣeé ṣe. Kó jẹun sààrì dáadáa kó sì mumi. Tí ojú bá ń ṣú u, tàbí orí bá ń fọ́ ọ, kó jókòó lójú ẹsẹ̀, ẹ̀sìn fúnra ẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn láti ṣínu kó san án padà. Hijab kò ní wàhálà, wọ́n gbà á láyè, kó kàn wá èyí tó fúyẹ́ tí kò ní máa fẹ́ sókè.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé eré yìí lè san owó yunifásítì? — Bàbá Dàmọ́lá, Texas

Àbúrò mi, ó lè san díẹ̀, ẹ má fi í ṣe ètò. Títí di 2025, tíìmù tẹ́níìsì ọkùnrin ní Division I, ìpele tó ga jù nínú eré yunifásítì, kò ní ju sikọ́láṣípù 4.5 lọ, kí wọ́n pín in láàárín gbogbo ọmọ tíìmù. Ti eré sísá ọkùnrin jẹ́ 12.6, ẹ sì wo iye èèyàn tó ń sáré, tó ń fò, tó ń jù nínú tíìmù kan. Ètò yẹn ti yí padà báyìí, iye ọmọ tó lè wà nínú tíìmù ni wọ́n fi òdiwọ̀n sí ní àwọn ilé ìwé tó gba ètò tuntun, àmọ́ kì í ṣe dandan kí ilé ìwé náwó sí tẹ́níìsì. Division III kì í fún eré ní sikọ́láṣípù rárá, Ivy League, ìyẹn àwọn yunifásítì bíi Harvard, náà kì í fún un, owó ìwé tàbí ti àìní ni wọ́n ń fún ọmọ. Fún Division I, iṣẹ́ ìwé pàtàkì 16 àti GPA (ìpíndọ́gba àmì ìwé) 2.3 ló kéré jù kí wọ́n tó gbà á láyè láti díje. Ìwé tún nìyẹn.

Tó bá jẹ́ tẹ́níìsì, kóòṣì yunifásítì máa wo UTR ẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi agbára ọmọ nínú tẹ́níìsì hàn) àti àwọn ìdíje tó lọ níta ju máàṣì sukúù lọ. Tó bá jẹ́ eré sísá, àkókò ni, aago kì í purọ́. Ẹ má fi Dàmọ́lá wé Quincy Wilson, tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ọmọ háìsukúù ní Maryland, nígbà tó bá Amẹ́ríkà sá 4x400 ní Òlíńpíìkì Paris 2024 tó sì gba góòlù. Àkókò tiẹ̀ tó sá lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kẹ́ ẹ fi wé tọ̀sẹ̀ yìí. Bí 400 mítà ẹ̀ bá ti 58 bọ́ sí 55 láàárín sáà kan, ọmọ yẹn ń ṣiṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹni kẹfà ló ṣe.

Aago mélòó ló yẹ kí n dé pápá tí ọmọ mi bá ń sáré? Wọ́n kì í sọ fún èèyàn. — Ìyá Bọ́lá

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi, torí ó ti bà mí nínú jẹ́ rí. Lọ́dún tí ọmọ mi kọ́kọ́ sáré, wọ́n ní mẹ́rin ààbọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀, ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, mo dé ní márùn-ún géérégé, 4x800 tó wà nínú ẹ̀ ti tán. Ó sá tiẹ̀ dáadáa, ó ń wá mi kiri láàárín àwọn èèyàn, kò rí mi. Ó kàn sọ pé "ó dáa, Mọ́mì". Mi ò tíì gbàgbé.

Wọ́n máa ń tò ó tẹ̀ léra, ibi púpọ̀ ni kì í yí padà: 4x800 ló ṣáájú, ó di 100 mítà hurdles àti 110 tàwọn ọkùnrin, 100 mítà, 4x200, 1600, 4x100, 400, 300 hurdles, 800, 200, 3200, ó wá fi 4x400 parí. Àwọn tó ń fò àtàwọn tó ń jù ń ṣe tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní àkókò kan náà. Ẹ kọ ọ́ sínú fóònù yín. Tí Bọ́lá bá wà nínú 4x800 tàbí hurdles, ẹ dé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ 200 ló ń sá, ẹ ṣì ní wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì dání o, oòrùn ìrọ̀lẹ́ oṣù kẹrin máa ń tan èèyàn jẹ, tó bá ti wọ̀, òtútù dé nìyẹn. Bí tiẹ̀ bá sì ti parí, ẹ má tíì gbé e lọ sílé, ẹ jẹ́ kó dúró wo 4x400. Gbogbo tíìmù máa ń tò yí pápá ká, àtàwọn tó ṣe ẹni àkọ́kọ́ àtàwọn tó ṣe ẹni ìkẹyìn, tí wọ́n á máa pe orúkọ ẹni tí ọ̀pá wà lọ́wọ́ ẹ̀.